Bí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Bí Ìbejì ní Abúlé Wa

Owó tí mo fi ra búrẹ́dì kan ní Igbó-Ọrà láàárọ̀ yìí, bí ẹ bá kó o fún bàbá mi ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira, yóò ra kẹ̀kẹ́ tuntun, yóò fi páànù bo ilé, yóò sì fi ìyókù gbéyàwó. Tọ́rọ́ là ń ra búrẹ́dì nígbà náà. Ohun gbogbo ló kún dé ẹnu, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní abúlé wa, lẹ́yìn Lánlátẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kan bá ní lẹ́tà mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la máa ń pè.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ mú Gẹ̀ẹ́sì wọ abúlé náà. Ó ní lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ dà bí àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́ kì í wọ agbo ilé kó kí àwọn kan, kó fojú fo àwọn yòókù. Nítorí náà, ọ̀bẹ ni “kínáìfù”, erékùṣù ni “ísíláńdì”, Ọjọ́rú sì ni “Wẹ́dínẹ́sìdéè”. Àwọn àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn pàápàá a máa fi Wẹ́dínẹ́sìdéè dá ọjọ́ fún ara wọn lọ́nà oko.

Mo rántí ìgbà tí mo wálé fún ìsinmi lẹ́yìn ọdún kejì mi ní yunifásítì. Bàtà mi ń dán, mo sì ti la ọ̀nà sí irun mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá ní kí n wá ran òun lọ́wọ́, nítorí ínsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé, láti mọ̀ bóyá ìjọba yóò fún wa ní kíláàsì kẹfà. Bí a kò bá rí i gbà, ọmọ tó bá parí ìkarùn-ún yóò máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Lánlátẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ òbí yóò sì kúkú fi ọkọ́ lé tiwọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, Ọ̀gá pe “kínáìfù”, àwọn ọmọ sì gbè é. Mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn kì í pe K yẹn. Náìfù ni.”

Ọ̀gá rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó mú fìlà rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ó ránṣẹ́ pé òun kò lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa rí àgbà fín. Ẹni tó bá lè fojú fo K kó máa kọ́ wọn lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti pé sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀gá sì ni àkísà náà, ó ti gbó mọ́ abúlé lára. Mo dọ̀bálẹ̀ títí yanrìn fi bo ṣòkòtò mi. Ọ̀gá ní òun ti forí jì mí ní ti òun, ṣùgbọ́n òun kò lè bá K forí jì mí. Ẹnì kan dábàá pé kí á máa pe K láàárọ̀, kí á fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ní bí ínsípẹ́kítọ̀ bá wá dé lọ́sàn-án ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀ ló bá wa yanjú rẹ̀, obìnrin tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ìbejì.

“Tíṣà, ṣé tìẹ ló kọ́kọ́ dé abúlé yìí?”

Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Tìẹ ni Táyé nìyẹn. Ti ọmọ yìí ni Kẹ́hìndé. Inú kan náà ló bí wọn. Ta ní í bu oúnjẹ fún Táyé ní Ìbàràpá níbí tí kì í bu fún Kẹ́hìndé?”

Ọ̀gá fárígá. Ó ní Kẹ́hìndé kúkú ni ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ àná yìí ni yóò wá ṣe ẹ̀gbọ́n òun?

“Ìwọ náà ni wàá máa ṣíwájú, òun á máa tẹ̀ lé ọ. Kí lo tún ń fẹ́?”

Ọ̀gá rò ó wò, ó rí i pé òun ni yóò máa ṣíwájú, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà.

Nígbà tí ínsípẹ́kítọ̀ dé, ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù la ní kó kàwé. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó mú kínáìfù, náìfù, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ísíláńdì, áílàǹdì, ní Wẹ́dínẹ́sìdéè, Wẹ́ńsìdè. Àwọn yòókù ń mi orí sí Táyé, wọ́n ń mi orí sí Kẹ́hìndé. Ínsípẹ́kítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó béèrè èwo gan-an ló tọ̀nà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. “Táyé ló kọ́kọ́ dé, sà. Kẹ́hìndé ló tẹ̀ lé e.”

Ọ̀gá àti èmi dúró bí ẹni tó jọ jí ewúrẹ́. Ínsípẹ́kítọ̀ ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ fi bó ṣe yẹ hàn wá, ó gbá tábìlì, ó sì pe Ọjọ́rú bí wọ́n ṣe ń pè é nílé tirẹ̀: “Wẹ́ńdẹ́síì.”

Ọmọ náà tún kúnlẹ̀, ó ní, “Ìdòwú ti dé nìyẹn, sà.” Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ bí ẹni wà níbi ìsọmọlórúkọ.

Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo Ọ̀gá, ó wo èmi. Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí Àlàbá dé bá mi níbí o. Mo fún yín ní kíláàsì kẹfà.”

Wọ́n ṣí i nígbà tí ọdún yípo. Mo padà sí yunifásítì, níbi tí olùkọ́ òyìnbó méjì ti ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé.

Ọ̀gá ti lọ, Baálẹ̀ ti lọ, Ìyá Ìbejì náà ti sùn. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, ẹyọ kan ló kù, ó wà ní Ayétẹ̀. Ti ínsípẹ́kítọ̀, n kò mọ̀. Ọmọbìnrin tó kàwé fún un wà láàyè ní Èrúwà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Bí mo bá lọ kí i, èmi ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn fún un. Eyín mi kò pé mọ́, mo sì mọ̀ pé mò ń ṣi ọ̀rọ̀ púpọ̀ pè. Ó ń gbọ́ mi. Kò tún mi ṣe rí.