Ọjọ́ tí a ní kí àwọn oníbàárà má jẹ oúnjẹ wa

Èmi nìkan ni n kò gbààwẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń tọ́ oúnjẹ wò.

Ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Kristẹni ń rántí ikú Jésù ni. Ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ni ìyá ọkọ mi, Pópó Àgùdà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Tí ọjọ́ yẹn bá ti dé, kì í jẹ, kì í mu, títí ìsìn ọ̀sán á fi parí. Oyún ọmọ mi àkọ́kọ́ ló wà nínú mi, ikùn mi sì ti yọ dáadáa. Ó ní Ọlọ́run kò bá aboyún sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Tó bá da ṣúgà sínú ìkòkò, á bu ṣíbí kan fún mi.

"Ìyàwó mi, tọ́ ọ wò. Ṣé ó ti dùn tó?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

Á tún da díẹ̀ sí i, á tún bù fún mi.

Fùréjọ̀n là ń sè. Ẹ̀wà ni, tí a rẹ, tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a wá fi omi àgbọn àti kànáfùrù sè pọ̀ títí ó fi ki. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ìjẹ̀bú ni mí. Kí n tó wọlé ọkọ, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé wọ́n ń da ṣúgà sínú ẹ̀wà, màá rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n láwọn ọdún yẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1980, kò sí ilé Àgùdà kan ní Èkó tí kì í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì ni ìyá ọkọ mi ń tà lójú fèrèsé ní gbogbo ọdún, àmọ́ fùréjọ̀n rẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Láàárọ̀, àwọn èèyàn á gbé abọ́ àti kúlà wọn wá, wọ́n á gba oúnjẹ wọn, wọ́n á gbé e sílé, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n tó ń jẹ ẹ́.

A ti ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí obìnrin tó ń ta ẹ̀wà fún wa ní ọjà Sandgrouse já wọlé. Ìjẹ̀ṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí gèlè lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló wọ bàtà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ ò tíì se ẹ̀wà yẹn, àbí?"

Ìyá ọkọ mi wo àwọn ìkòkò. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

"Ẹnìkan rà nínú àpò yẹn lánàá," obìnrin náà ń mí gúlegúle. "Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ti wà ní hosípítù. Wọ́n ń bì, ara wọn ń gbọ̀n. Dókítà ní oògùn kòkòrò ni. Mo sáré lọ bá ọkùnrin tó kó ẹ̀wà wá fún mi. Ó ní àwọn fi oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó sínú àwọn àpò kan, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò sọ fún mi o, Màmá! Mo fi Ọlọ́run búra, kò sọ fún mi!"

Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi yíjú, kò wo obìnrin náà mọ́, ikùn mi ló ń wò. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ì bá sàn fún mi.

Aládùúgbò wa tó ń bá wa dín ẹja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ rọra o. Ó lè má jẹ́ inú àpò yẹn ni wọ́n ti wọn tiyín. Tí ẹ bá pariwo ẹ̀ síta, ta ló tún máa ra nǹkan lọ́wọ́ yín?"

"Tí mi ò bá pariwo," ìyá ọkọ mi dá a lóhùn, "ta ló máa kù tó máa rà?"

Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. "Hosípítù là ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lójú ọ̀nà."

Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Bí a ṣe ń sáré rìn, tí obìnrin elẹ́wà ń tẹ̀ lé wa, itọ́ ń kún ẹnu mi, n kò mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí ẹ̀rù. Mo fi ọwọ́ kejì di ikùn mú. Ọlẹ̀ tó máa ń sọ nínú mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá jẹun tán, mo ń retí rẹ̀, kò sọ. Mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó sáà gbá mi ní ẹsẹ̀ ẹyọ kan.

Wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Fàdá ń ka ìtàn ìjìyà Jésù, ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Ìyá ọkọ mi gba àárín wọlé pẹ̀lú ìró ìdáná tó fi ń nu ọwọ́, láìwọ bàtà, àwọn èèyàn sì ń yíjú wò ó. Fàdá dákẹ́.

"Fàdá, ẹ forí jì mí." Ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀yin tí ẹ ra fùréjọ̀n lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, ẹ má jẹ ẹ́ o. Oògùn kòkòrò wà nínú ẹ̀wà náà. Èmi ni mo sè é, èmi ni mo tà á fún yín. Ẹ má fún ọmọ jẹ, ẹ má fún ajá jẹ. Ẹ dà á nù. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́, kó jẹ́ ká jọ máa lọ sí hosípítù."

Obìnrin kan fi igbe ta. Ó ti fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ nílé. Ó sáré kọjá lára wa, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àga ń wó. Ọkùnrin kan nawọ́ sí ìyá ọkọ mi. "Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Ẹ bú mi lọ́la, ọ̀gá. Ẹ sáré lọ sílé ná."

Ìgbà tí a jáde ni mo rántí bàbá káfíńtà. Àgbàlagbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé lókè ilé àtijọ́ kan nítòsí ibẹ̀. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, èmi fúnra mi ni mo gbé abọ́ rẹ̀ lọ fún un láàárọ̀. A gun àtẹ̀gùn. A kanlẹ̀kùn títí. Mo rò pé ó ti kú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó ṣe, ó ṣílẹ̀kùn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Bàbá, fùréjọ̀n ńkọ́?" ni ìyá ọkọ mi béèrè.

"Mo ti jẹ ẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dùn ju ti èṣí lọ."

Ìyá ọkọ mi àti obìnrin elẹ́wà ló gbé e sọ̀kalẹ̀. Nínú takisí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ní hosípítù, wọ́n gbé e wọlé ní kíá. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé, "Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́?"

"Mo tọ́ ọ wò."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni?"

Ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà sì fi ohun tó dà bí fèrè kékeré sí mi níkùn, ó gbé etí lé e. Ó gbé e kúrò, ó fi sí ibòmíràn. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, kò sì sí ohun tí mo lè rí kà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí ìró di ẹnu ara rẹ̀.

"Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa," ni dókítà sọ.

Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n lọ. Wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n ń yẹ ojú mi wò. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, màá rò pé wọ́n ń gbé oníbàárà wa kan bọ̀. Wọ́n gbé ọmọ díẹ̀ wá lóòótọ́, àwọn tí kò lè dúró de ìyá wọn kí wọ́n tó tọ́ ọ wò. Wọ́n tọ́jú wọn, gbogbo wọn ló padà sílé. Bàbá káfíńtà ló pẹ́ jù níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń lọ wò ó lójoojúmọ́, kì í sì í gbé oúnjẹ dání.

Obìnrin elẹ́wà kó ìyókù ẹ̀wà náà síwájú àwọn àgbà ọjà, wọ́n sì sun ún. Ọkùnrin tó kó o wá kò wá sí Sandgrouse mọ́. Ní tiwa, fèrèsé wà ní títì. Àwọn kan ní aláìgbọ́n ni ìyá ọkọ mi, pé kò yẹ kó tú àṣírí ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì, ọ̀pọ̀ kọjá bíi pé wọn kò rí i. Àwọn kan padà wá díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì wà lára wọn.

Mo bí ọmọ mi lóbìnrin, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí ẹ̀rù tó kúrò lára mi. Tó bá sùn pẹ́ jù, màá gbé etí lé àyà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá káfíńtà fi ọ̀pá rìn dé iwájú fèrèsé wa. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ kí i.

"Mi ò bínú sí yín," ló wí. "Tí kì í bá ṣe pé ẹ wá, orí ilẹ̀ ni wọn ì bá ti bá mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ oúnjẹ yín mọ́. Ọ̀fun mi ò gbà á."

"Ó yé mi, Bàbá," ni ìyá ọkọ mi sọ.

Bàbá dúpẹ́, ó yí padà, ó ń lọ. Ìyá ọkọ mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí bàbá fi yà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò.