Ohun tí Wọ́n Kọ Lẹ́yìn Àmín

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ọ́fíìsì yẹn ní Lọ́kọ́jà, ohun méjì ni mo gbé lọ́wọ́: kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀ kan àti ìgbéraga. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ìgbéraga yẹn ló ṣì tuntun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Páítọ̀n tán ni, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, mo sì gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ jákujàku kankan tí n kò lè tò sórí ìlà láàárín wákàtí kan. Ẹni tí wọ́n ní kí n lọ jókòó tì ni Màdáámù Bọ́sẹ̀dé, obìnrin ará Kàbà kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Mo wò ó títí, mo ń bi ara mi pé nínú àwa méjèèjì, ta ni yóò kọ́ ta níṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Nígbàkígbà tí Odò Ọya bá ti ń kún, àwa là ń kó orúkọ àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde ní àwọn abúlé etídò jọ: arúgbó, aboyún, aláìsàn. Akọ̀wé abúlé kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, àwa á tò ó, a ó sì fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní èbúté Kpata ní ìwé tí wọn yóò fi lọ kó wọn kí omi tó ká wọn mọ́lé.

Títò yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Akọ̀wé kan á kọ orúkọ ogún ènìyàn pọ̀ láìfi àmì kankan sí i. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, á gba Haúsá kọjá, á sì parí rẹ̀ ní Nupe. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tó ń fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù há àárín orúkọ àwọn aboyún, tó ní kí a bá òun wò ó ní ìsàlẹ̀ odò. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tí yóò dárúkọ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ kí wa: ẹ kú iṣẹ́ o, òkun o, ará ilé ńkọ́, ṣé omi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Tí wọ́n bá parí, àdúrà ló kàn. Mùsùlùmí o, Kìrìsìtẹ́nì o, Àmín ni gbogbo wọn fi ń kádìí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Màdáámù kọ́ mi kì í ṣe bí a ti ń tò ó, bí a ti ń bò ó ni. Àìsàn àwọn ènìyàn wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ó ní kí n kọ iṣẹ́ náà bí àpótí tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ á wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan á béèrè lẹ́nu ọ̀nà, àpótí á sì fún un ní ohun tó kàn án nìkan. Ọlọ́kọ̀ á gba orúkọ, ibùgbé, àti bóyá ẹni náà lè rìn. Nọ́ọ̀sì nìkan ni yóò gba ọ̀rọ̀ àìsàn.

Mo ní, “Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n kàn tẹ gbogbo rẹ̀ jáde fún wọn. Ó máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà.”

“Ṣé ìwọ á fẹ́ kí wọ́n máa ka àìsàn tìrẹ sókè ní Kpata?”

N kò gbà. Mo sọ fún un pé Páítọ̀n kì í ti nǹkan ní kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Fàlà kékeré kan la kàn ń fà síwájú orúkọ ohun tí a bá bò, ẹni tó bá sì fẹ́ já wọlé á já wọlé.

“Kọ́tìnnì nìyẹn,” ó ní. “Ṣé gbogbo yàrá tí wọ́n bá ta kọ́tìnnì sí lẹ́nu lo máa ń já wọ̀, Délé?”

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n títò tó kù, ọgbọ́n ara mi ni mo fi ṣe é. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fo ìkíni, kó máa mú orúkọ, kó sì dúró tó bá ti kan Àmín. Ó ṣiṣẹ́ rèǹtè rente. Orúkọ tò, ibùgbé tò, kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní àdúgbò Crusher, mo ń fi orin mọ́ ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìròyìn dé pé omi ti ń bọ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ṣí. Nígbà tó di bí aago méjìlá ọ̀sán, Màdáámù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

“Iṣẹ́ yìí dára. Ìyókù dà?”

“Ìyókù wo, mà?”

“Èyí tí o gé sọnù. Tẹ̀ ẹ́ jáde kí n kà á.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ìkíni àti àdúrà lásán ni, mà.”

“Mo fẹ́ràn àdúrà,” ó ní, ó sì fa àga sún mọ́ mi.

Ìwé náà pọ̀. Obìnrin yìí gbé awò sójú, ó ń kà á ní ẹyọ ẹyọ, ó ń fi bíírò tọ ìlà. Tó bá kan ibi tí wọ́n ti ṣàdúrà fún wa, á ní “Àmín o” lábẹ́lẹ̀, á sì tẹ̀ síwájú. Mo ń wò ó, mo ń rò pé kí ni màmá yìí ń wá gan-an. Títí di òní, n kò tíì rí ẹlòmíràn tó ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gé sọnù tó bẹ́ẹ̀.

Bíírò rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Tíṣà fi ránṣẹ́ ni, àgbà tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé abúlé Oworo kan létí odò. Ó ti kí wa, ó ti ka orúkọ, ó ti ṣàdúrà, ó ti ṣe Àmín. Lẹ́yìn náà ló fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, tó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Ìyá Ráfíátù dá wà nínú ahéré lẹ́bàá omi, pé kò lè dìde, pé ẹ jọ̀ọ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó ń ṣe òun. Ó dárúkọ àìsàn náà fún nọ́ọ̀sì. Èmi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Màdáámù yí sí mi. Kò pariwo. “Délé, tí àgbàlagbà bá gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo wá bá bàbá yín nílé, ìgbà wo ló máa ń sọ ọ́?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ìlú wa? Á kí, á jẹun, á bá wọn ṣàdúrà, á dìde, á ti bàtà bọ ẹsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa wá yíjú padà, tí á ní, “Ó ku nǹkan kékeré kan o.” Nǹkan kékeré yẹn ló tìtorí ẹ̀ wá. Ibẹ̀ gan-an ni èmi sì ti ní kí kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀kùn. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

“Sunkún tó bá yá,” ó ní. “Tún un ṣe ná.”

Ìgbà náà ni mo wá mọ iyì àpótí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹyọ kan ò sọnù. Ibì kan ṣoṣo ni mo tún ṣe, ìwé ọlọ́kọ̀ àti ti nọ́ọ̀sì sì tún ara wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọ́n ń gbà. Orúkọ márùn-ún tún jáde. Ọkọ̀ tó fẹ́ lọ kó àwọn mẹ́rin kò tíì ṣí ní Kpata. Ti Ìyá Ráfíátù nìkan ló ti lọ, tó ti kó èrò, tó sì ti ń padà bọ̀.

Màdáámù pe Ndagi, ọmọ Nupe tó ń wa ọkọ̀ náà. “Ndagi, saura mutum ɗaya.” Ìyẹn ni pé ẹnì kan ló kù.

“Ah, Madam! Boat don full. Wetin do the person?”

“She no fit waka. E don do.”

A ń gbọ́ ìró omi lára ọkọ̀ rẹ̀. “To. Zan koma,” ó ní, ìyẹn ni pé òun á padà lọ.

Ó sọ èrò rẹ̀ kalẹ̀, ó sì padà. Wákàtí mẹ́ta tí a fi dúró yẹn, n kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí fóònù dún. Omi ti wọ ahéré náà, orí àpótí aṣọ rẹ̀ ni Ndagi ti bá ìyá náà, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ kí àwọn tí ọkọ̀ kó ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó wọn sí. Ìyá Ráfíátù dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Màdáámù kúnlẹ̀. “Òkun o, Ìyá. Àwa là ń to orúkọ yín.”

Ìyá náà kò kọ́kọ́ dúpẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Tíṣà ní òun kọ ọ́ ránṣẹ́. Àwọn wo ló kà á?”

Mo ti la ẹnu láti ní kò sẹ́ni tó kà á. Màdáámù ti sọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́. “Àwa méjèèjì yìí, Ìyá, àti nọ́ọ̀sì.”

“Ọlọ́kọ̀ ńkọ́?”

“Kò kà á. Ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ kò ju pé ẹ ò lè rìn lọ.”

Ó wo ojú Màdáámù pẹ́, ó wá wo tèmi. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì sí wa. “Ẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi.”

A gbé e. Ọ̀kan nínú wọn sún lórí ẹní fún un, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun.