Búlọ́ọ̀kù Kan Ṣoṣo Nínú Kọ̀ǹpútà

Kí àbúrò mi tó di olùkọ́ ní yunifásítì ìjọ tó wà nítòsí wa, èmi ni ọmọ tí ìyá wa fi ń yangàn. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n fi ń dí iwájú faranda ni mò ń mọ. Àlejò kì í dé ilé wa ní Ṣágámù kí ìyá má nawọ́ sí i pé ọmọ òun ló ṣe é. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ àbúrò mi. Láti ìgbà náà, àlejò á fẹ̀yìn ti búlọ́ọ̀kù mi, ìròyìn kọ̀ǹpútà ni yóò máa gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan, ìyá ní kí n gbé iṣu lọ fún àbúrò mi. Sátidé ni ìjọ tirẹ̀ ń sinmi, nítorí náà ẹnu iṣẹ́ ni mo bá a. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ń buni jẹ, ṣùgbọ́n mo ká ẹsẹ̀ mi sábẹ́ àga.

Ó ní òun fẹ́ ṣe páálí fẹ́lẹ́ kan tí òrùka bàbà kún ojú rẹ̀, tí yóò jẹ́ kí ìgbì rédíò kan kọjá, tí yóò dá ìyókù padà. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ fi kọ́kọ́ dán an wò kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán onígun mẹ́rin kékeré kan ṣoṣo ló yà sínú rẹ̀, ó wá sọ fún un pé ohun tó bá jáde lápá òsì, kó gbà á wọlé lápá ọ̀tún. Òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà. Ẹ̀rọ á wá gbà pé ẹyọ kan náà ló lọ salalu tí kò lópin. Mo ní nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ mi lọmọkùnrin yìí jí. Búlọ́ọ̀kù tèmi náà, ìdá mẹ́rin òdòdó ló wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a bá tò wọ́n pọ̀ ni òdòdó tó pé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ náà ti ń kọ̀ ọ́. Bí èsì kò bá jáde kí oṣù tó parí, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní àyè ìrìn àjò òkè òkun tó ń retí. Mo wo àwòrán náà. Ààbọ̀ òrùka fara kan etí òsì. Ààbọ̀ kejì kò dé etí ọ̀tún, àlàfo tínínrín kan wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ni n óò fi fọ́ irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀.

Mo pa ẹnu mọ́. Mo jẹ iyán rẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo wọ takisí. Inú mi dùn títí a fi dé Ìkẹ́nnẹ́ lójú ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé bí ìrìn àjò náà bá bọ́, àánú rẹ̀ ni ìyá wa yóò máa ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wá di ìlọ́po méjì nílé.

Lọ́jọ́bọ̀, mo padà lọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi tọ́ka sí àlàfo náà, torí ọwọ́ mi kò jẹ́ kan ojú ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Òsì rẹ àti ọ̀tún rẹ kò bára mu." Ó tún un ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ náà gbà.

Nígbà tó wálé, ó sọ fún ìyá pé èmi ni mo la òun lójú ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín sí mi bíi ti àtijọ́.

"Ọjọ́ wo lo rí i?"

"Ọjọ́ tí mo gbé iṣu lọ, Màámi."

"Ọjọ́ Àìkú. O wá dúró di Ọjọ́bọ̀."

Mo ní ojú ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo bí àbúrò mi ṣe rù, ó ní kó sún mọ́ ibi oúnjẹ. Kò pè mí.