Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo fún Tọkọtaya Tó Ń Fi Góòlù Bo Irin

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni láti fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó fi irú òwò rẹ̀ hàn. Mo gbà, nítorí pé ilé ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú.

Ní Aramọkọ, mo dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan tó ń fi góòlù àti fàdákà bo irin: ife ìdàpọ̀ mímọ́ láti Ìjerò, ife ẹ̀yẹ iléèwé láti Ẹfọ̀n, bọ́ńpà ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Obìnrin náà ń fi ẹ̀rọ gbo irin níwájú, ọkọ rẹ̀ ń rì í sínú omi kẹ́míkà tó fi iná mànàmáná sí lẹ́yìn.

Ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyá àwọn ọmọ sọ́tọ̀, sáàárín àwọn òǹtajà. Òun ló ń ta ife ẹ̀yẹ fún wa. Bí mo bá kú lọ́la, kó ní ohun tó ń jẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba.”

“Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ kú?” Obìnrin náà ò tilẹ̀ pa ẹ̀rọ. “Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń jẹun yẹn?”

“Ó dáa, màá sin ọ́, màá sì jẹ ìrẹsì ibẹ̀.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìlara wọn mú mi títí dé eegun. Wọ́n ń fi ikú ṣeré bí ẹni pé kò mọ ọ̀nà ilé wọn. Tíṣà ni ìyàwó mi ní Ìkòrò, èmi wà lọ́fíìsì ní Adó. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń rí ara wa. Ìfẹ̀yìntì la ń retí kí a lè máa rí ara wa lójoojúmọ́. Ìyàwó mi ni kò dúró dè é.

Mo yọ bírò. Ó dùn mọ́ mi láti pín wọn níyà, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ìwé. “Kò le rárá. Ìyá, òǹtajà ni yín.”

Ìgbà yẹn ló tó pa ẹ̀rọ. “Bàbá, ẹ dákun, ta ni òǹtajà? Irin tí mi ò bá gbo, góòlù ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n ri èyí tó ṣì ní epo lára sómi, ká jọ wò ó.”

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. “Yóò bó ni.”

“Ẹ gbọ́ fúnra yín. Iṣẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ kọ mí mọ́.”

Mo ṣí ìwé nọ́ńbà, mo ń wá ibi tí yóò ti yà wọ́n. Iṣẹ́ tó bá ń mú owó wọlé jù la fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn méjèèjì sì gbà pé títa ife kò tó nǹkan. Gbígbo irin àti fífi góòlù bò ó, abẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n wà: 2592. Mo kọ ọ́, mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i gẹ́gẹ́ bí olówò.

“Ṣé ẹ rí i?” ni obìnrin náà wí fún ọkọ rẹ̀. “Ìjọba pàápàá mọ̀.”

“Ìjọba ń bẹ̀rù ẹnu rẹ ni.”

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. “Ẹ ò ní fi kẹ́míkà yìí wọ ulé mi o.” Ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà fún un, ó ń bá a wí bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Eruku irin wà lọ́wọ́ èmi náà. Mo dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, mo nu ọwọ́ mi sára ṣòkòtò, mo sì jáde.