Garawa Iyanrìn Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ilé epo oríta wa, èmi ni mo ń bá a ta ọ́ìlì níbẹ̀. Má-ṣáná ni wọ́n ń pè é, torí ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti ń lé àwọn amusìgá kúrò nídìí pọ́ǹpù. Wọ́n ní ó burú. Ó burú díẹ̀ lóòótọ́, èmi àbúrò rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ṣòwò epo rí á rò pé epo ni gbogbo ẹ̀. Irọ́ o, ìwé ni! Panápaná á kọ tiwọn, àwọn tó ń wò ó bóyá lítà pé á kọ tiwọn, kí ìwé àṣẹ gan-an tó jáde. Lọ́dún yìí, wọ́n tún ní kí aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì fọwọ́ síwèé pé ilé epo náà ò ni àwọn lára. Bí ọwọ́ méjèèjì ò bá pé, wọ́n á ti ibẹ̀ pa.

Télọ̀ tó wà lọ́tùn-ún fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Òsì ni ìjàngbọ̀n wà. Jórinjórin ló wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé. Látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ yẹn ló ti ń wo ilẹ̀ wa bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ agbépo ń já epo sínú táńkì lọ́wọ́, iná ń ta pàrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo títí, kò dáhùn. Ló bá gbé ọ̀kan nínú garawa iyanrìn mẹ́rin tá a tò kalẹ̀ torí iná, ó da gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀rọ ọkùnrin náà.

Òun náà la wá mú ìwé lọ bá. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Ó ṣí awò dúdú rẹ̀ sókè. "Ìyàwó wa! Ṣé ìwọ kọ́ lo da iyanrìn sí mi nísọ̀?"

"Bí mi ò bá dà á, ẹ̀ bá ti kú."

"Ó dáa náà. Òkú kì í fọwọ́ síwèé."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. "Ẹnu yín á kó bá yín lọ́jọ́ kan."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin aláyẹ̀wò kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba, ó fi téèpù kọ́rùn, kò rẹ́rìn-ín sẹ́nikẹ́ni. Ó ka garawa. "Iyanrìn wà nínú mẹ́ta. Ìkẹrin ńkọ́?" Ó yẹ ìwé wò. "Ọwọ́ aládùúgbò òsì dà?"

Jórinjórin ti fo gọ́tà. "Èmi rèé! Mi ò fọwọ́ sí i, mi ò sì ní fọwọ́ sí i! Ewu ni wọ́n! Láti ibi tí mo ti ń jórin dé ìdí táńkì wọn, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ni! Ẹ wọ̀n ọ́n!"

Obìnrin náà wọ̀n ọ́n. Mẹ́jọ ni lóòótọ́.

"Ìgbà wo lẹ débí?"

"Ó pé ọdún méjì."

"Ilé epo ti wà níbí láti ọdún mọ́kànlá. Ìwé tó ní kẹ́ ẹ máa dáná létí táńkì dà?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò. Obìnrin náà lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: kó gbé iná lọ sẹ́yìn ìsọ̀, kó mọ ògiri, kí onílé epo sì fọwọ́ sí i pé òun gbà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi náà gba ọwọ́ jórinjórin síwèé kílẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ibi méjèèjì pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ògiri ti dúró. Wọ́n pàdé létí gọ́tà, kálukú di ìwé tirẹ̀ mú.

"Ìwọ ṣáájú."

"Ẹ̀yin lọkọ, ẹ ṣáájú."

"Kí n fọwọ́ sí i tán kó o wá sá lọ?"

Mo lọ mú báírò kejì wá. Wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń fa okùn, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé rẹ̀ sáyà. "Lọ bu iyanrìn sí garawa kẹrin."

Mo ní, "Torí aláyẹ̀wò?"

Ó wo ògiri tuntun yẹn. "Ṣáà bù ú kó kún dáadáa."