Orín Àtà Níwájú Ọ̀gá Ológun

Ẹni tí egbò ò bá kún ẹnu rẹ̀ rí, kó má sọ fún mi pé àìsàn kékeré ni. Ọ̀kan wà lábẹ́ ahọ́n mi, òmíràn wà nínú ètè ìsàlẹ̀, àwọn yòókù pín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láàárín ara wọn bí ilẹ̀ bàbá wọn. Ata di ọ̀tá mi. Gàrí tí mo fọwọ́ ara mi yan, tí mo bá ń mu ún, omi á máa dà lójú mi. Ayé ológun ni, ọ̀wọ́n gógó wọ gbogbo ilé ní Odígbó, ẹja ti kúrò nínú ọbẹ̀ wa, ohun kan náà là ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Pé ẹnu ẹ̀dá bó nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanu.

Àkókò tó yàn láti bó ló bí mi nínú. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ti fi mí ṣe ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn níwájú ọ̀gá ológun kan tó ń bọ̀ wá wo dispẹ́ńsárì wa. Wọn ò yàn mí nítorí ẹwà. Ẹnu mi mú, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ọkọ mi ló sì mọ̀ ọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò gùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun dispẹ́ńsárì náà lọ́dà ni, ṣùgbọ́n oògùn ò sí níbẹ̀. Bí ibà bá gbé ọmọ ẹni ṣánlẹ̀, Orè la máa ń gbé e lọ. Mo ti gbé ọmọbìnrin mi gun ọkọ̀ agégẹdú rí, ara rẹ̀ gbóná janjan, mo ń ka ẹ̀mí rẹ̀ lórí itan mi títí a fi dé ìkòríta. Ohun tí mo fẹ́ kí ológun náà gbọ́ nìyẹn, kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọmọ.

Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kó páálí oògùn wá láti Orè, wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ títí dé àjà. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nọ́ọ̀sì wa, ọmọbìnrin kan tí kì í pariwo, ló pè mí sẹ́yìn ilé.

“Màmá, ẹ má wo páálí yẹn. Òfìfo ni. Wọ́n lọ yá wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn ni. Wọ́n ní bí mo bá lanu, àwọn á gbé mi kúrò níbí.”

Àwọn àgbà ìlú sì ti kọ́ mi ní ohun tí n ó sọ: ẹ ṣé, a dúpẹ́, Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ tún fún wa sí i. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́, n kò sọ pé mo gbà.

Ẹnu yìí ló kù. Mo lọ bá ìyá mi ní Omifunfun, níbi tí igi lápálàpá ti yí àgbàlá rẹ̀ ká bí ọgbà. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, ó já ewé rẹ̀, ó fi òwú gba oje tó ń kán níbi tí ewé ti já, ó fi kan àwọn egbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oje náà ń ta, ó ń fa ẹnu jọ, lẹ́yìn náà ara á tù mí díẹ̀. Ó se ewé gúáfà, mo ń fi omi rẹ̀ fọ ẹnu. Mo rí i pé àwọn egbò náà ti ń gbẹ létí, ṣùgbọ́n ewé ò mọ ọjọ́ tí ológun ń bọ̀.

Nítorí ìrora, ìyá mi fún mi ní gbòǹgbò orín àtà. Ẹni tó bá ti run ún rí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan wà nínú gbòǹgbò náà tó ń ta bí ata, tó sì ń jẹ́ kí ibi tó bá kàn kú, tí èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́.

“Díẹ̀ ni o, ọma mi,” ló wí. “Éè ṣe oúnjẹ.”

Ìyá mi ò mọ̀ pé àwọn ológun kì í tètè dé. Láti àárọ̀ la ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ìrora dé, mo run orín. Oòrùn gun òkè, ìrora tún dé, mo tún run ún. Kí mọ́tò wọn tó yọ lójú ọ̀nà, mo ti run gbòǹgbò náà tán. Wọ́n pè mí, mo dìde, mo lanu. Ahọ́n mi jókòó sẹ́nu bí òkèlè fùfú tó kọ̀ tí kò wọlé. Mo fẹ́ sọ pé “ẹ káàbọ̀”, itọ́ ló ṣáájú. Àwọn ṣọ́jà rẹ́rìn-ín.

Ògbufọ̀, bàbá kan lára àwọn àgbà ìlú, ò dúró rárá. Ó yíjú sí ọ̀gá náà, ó ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì: màmá ní àwọn dúpẹ́ gan-an, oògùn ti pọ̀, gbogbo ìlú ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ ló ń túmọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ ni, bóyá ǹ bá jókòó. Mo fi ìlà àwọn obìnrin sílẹ̀, mo lọ tààrà síwájú ọ̀gá ológun. Ṣọ́jà kan gbé ìbọn. Mo la ẹnu gbàgà, mo fi ìka fa ètè mi wálẹ̀, mo na gbogbo rẹ̀ sí i lójú kó wò ó.

Ó wò ó. Ó fajú ro, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí bàbá olóore, ó nawọ́ sí pẹpẹ, ó ní kí nọ́ọ̀sì fún mi lóògùn. Nọ́ọ̀sì ò mira. Ọ̀gá náà tún un sọ. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀.

Èmi ni mo lọ bá pẹpẹ náà. Ìka méjì ni mo fi gbé páálí tó tóbi jù, kí gbogbo èèyàn rí bó ṣe fúyẹ́ tó. Mo gbé e sórí tábìlì tó wà níwájú ọ̀gá ológun, mo dorí rẹ̀ kodò. Eruku ló dà síbẹ̀.

Obìnrin kan pòṣé lẹ́yìn. Òmíràn gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo abẹ́ àtíbàbà fi ń pòṣé. Ta ni wọn ó mú? Ọ̀gá ológun wọ mọ́tò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n sè dè é.

N ò ní purọ́ pé oògùn dé lọ́sẹ̀ náà. Kò dé. Wọn ò gbé nọ́ọ̀sì kúrò, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni àwọn àgbà ránṣẹ́ pè, pé mo dójú ti ìlú, kí n wá bẹ̀bẹ̀.

Lápálàpá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ahọ́n mi ti bọ̀ sípò. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, torí àgbà ni wọ́n, mo sì kí wọn bó ti yẹ. Wọ́n ní ó yá, kí n bẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin yàn mí láti sọ: ọmọ mi, ọkọ̀ agégẹdú, páálí òfìfo, títí dórí ọpẹ́ tí àwọn àgbà náà fi sí mi lẹ́nu. Wọn ò tíì ní kí n dìde nígbà tí mo dìde.