Bàbá Tó Kọ́ Gbogbo Minna Níṣẹ́

Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi: ọkùnrin kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ Minna níṣẹ́. Òun ló kọ́ àwọn télọ̀ Tunga Low Cost ní aṣọ rírán, òun ló kọ́ àwọn wẹ́dà Jikpan, òun náà ló tún kọ́ àwọn bíríkìlà Fadikpe. Orúkọ ọkùnrin abàmì yìí ni Bàbá. Màmá kan wà pẹ̀lú tó kọ́ gbogbo onídìrí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n gbé ìmọ̀ iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sórí àkójọ ìwé-ẹ̀rí kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nínú àkójọ náà, olúkúlùkù ní ojú ìwé tirẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, líǹkì ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ oníṣẹ́, ẹ ó rí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹni tó wà ní Abuja tàbí ní òkè òkun lè tọ okùn náà títí dé ìdí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún àwa tí fírídọ̀ọ̀mù wa kì í ju àdúrà, fọ́tò àti ìrẹsì lọ, nǹkan ńlá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọmọṣẹ́ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í pe orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn níṣẹ́, "Bàbá" ni wọ́n ń sọ fún mi, "Bàbá" náà ni mo sì ń tẹ̀. Mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tí wọn ò tọ́ nílé Yorùbá wá kó gbogbo Bàbá pọ̀, ó sọ wọ́n di ẹnì kan. Àwọn tó ń bójú tó àkójọ náà ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti dá gbogbo ojú ìwé tó so mọ́ Bàbá yìí dúró, títí màá fi fi ẹni gidi hàn wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà dá nígbà tí mo rántí pé ti ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Nígbà tí bàbá tó bí wa kú, òun ló gbé ilé ró. Fíríìjì àwọn ọlọ́jà ló fi rán mi lọ sílé ìwé, nítorí náà gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Mi ò lè san án láyé. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, ó wá di ẹni tó ń gbé àpò irinṣẹ́ kiri. Ilé iṣẹ́ kan tó kọ́ yàrá tútù tí wọ́n ń kó tòmátì sí ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀, inú àkójọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ti fẹ́ mú un. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa wò ó. Bí ojú ìwé ẹ̀gbọ́n mi ò bá tíì ṣí lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Mo pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ọ̀gá yín?"

"Bàbá ni."

"Mo mọ̀. Orúkọ wọn gan-an."

"Haba! Ṣé èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ ni?"

Inú bí mi. Kí èèyàn jẹun nílé ẹni ọdún gbọọrọ, kó má mọ orúkọ rẹ̀! Àwa méjèèjì kọrí sí ilé ọ̀gá rẹ̀ ní Fadikpe. Mo kọ́kọ́ gbójú sókè wo pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn, orúkọ Ọlọ́run nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyàwó wọn ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè.

"Kai! Kí n pe orúkọ ọkọ mi? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mi ò pè é rí. Ẹ má kó bá mi o."

Mo yíjú sí ọmọbìnrin wọn. "Baba mana!" ni òun fi Hausa dá mi lóhùn, pé Bàbá kúkú ni, bí ẹni pé orí mi dàrú.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fúnra wọn fi jáde. A dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lù mí.

"Ẹni tó bá tẹ ti ọmọ yìí, èmi ni yóò bá níwájú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá wá tẹ tèmi ńkọ́?"

"Kò kan ẹnì kankan mọ́, sà. Ọ̀dọ̀ yín ló parí sí."

Ojú wọn le. "Irọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ káyé rò pé mo ti ọ̀run já bọ́ tòun ti sípánà lọ́wọ́ ni? Bí o ò bá ní kọ ti ọ̀gá mi, má kọ tèmi."

Mo ní ó ṣeé ṣe, pé òkú pàápàá lè ní ojú ìwé. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n dìde dúró, wọ́n sì pe orúkọ ọ̀gá wọn wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ tiwọn wéré wéré, bí ẹni tó ń ju owó sínú igbá ọrẹ. Ìyàwó wọn fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí a sin ọ̀gá mi ni mo tó gbọ́ orúkọ wọn, lẹ́nu pásítọ̀," Bàbá wí. "Ẹ̀yin ti gbọ́ tèmi lójú ayé mi. To, ẹ dúpẹ́."

Èmi ni mo dúpẹ́ fún àwa méjèèjì, láti ìsàlẹ̀ ọkàn mi wá, mo sì tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn Bàbá yòókù kiri ìlú.

Ojú ìwé náà ṣí kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi wà tí obìnrin kan fi pè é láti ilé iṣẹ́ náà. Ó gbé ohùn fóònù náà síta kí èmi náà lè máa gbọ́.

"Ta ló kọ́ yín níṣẹ́?" obìnrin náà béèrè.

"Bàbá ni."

Mo ń ju ọwọ́ sí i pé kó pe orúkọ náà.

"Bàbá wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ̀gá mi sí. Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnu mi ò lè pè é ni."

Obìnrin náà tẹ ibẹ̀, a wá gbọ́ ọ tó ń ka orúkọ náà sókè ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Obìnrin náà tún tẹ líǹkì, ó ka orúkọ ọ̀gá Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ò sì gbérí. Ó ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo dá a lóhùn pé a ti gbọ́, torí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ò tíì dìde nílẹ̀.